Fáríómítà: Ohun-Èlò Tí Ń Sọ Bí Gíláídà Ti Ń Gòkè Tàbí Bí Ó Ti Ń Sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Ìwó, àti ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí ní ibòmíràn, ohun kékeré kan ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀, èyí tí a ń fi sí iwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Gíláídà ni a ń pe ọkọ̀ náà, fáríómítà sì ni a ń pe ohun-èlò náà. Ó rí roboto bí ojú agogo, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 80 lọ, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì ní. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ọwọ́ náà a gbéra sókè. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, a yí sí ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀, a dúró sí òdo. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lókè láìní ẹ́ńjìnnì, tí kò sì mọ èyí tí òun ń ṣe nínú méjèèjì, kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ yóò fi sọ ọ́ fún un.

Gíláídà kì í ṣe ohun tí ojú máa ń rí ní Ìwó. Odídẹrẹ́ ni a fi ń ki ìlú wa, odídẹrẹ́ kì í sì í fò láìlu ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ojú sókè ní ìgbà ẹ̀rùn, ní nǹkan bí agogo 12 ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti mú páànù òrùlé àti ilẹ̀ pupa gbóná, lè rí àwòdì tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, tí kò lù wọ́n, tí ó ń yí po, tí ó sì ń ga sí i títí yóò fi dà bí èérún lójú. Kò sí idán nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ gbígbóná mú gbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó yí i ká lọ, nítorí náà ó ń gòkè bí èéfín ti ń gòkè láti inú ààrò. Ẹyẹ náà ń sọ̀kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ń gòkè yára ju bí ẹyẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ohun tí ó bá ṣẹ́kù nínú ìṣirò náà sì jẹ́ èrè ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gíláídà ń ṣe.

Kò rọrùn fún wa láti mọ bí èrè yìí ti lè pọ̀ tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù November 1973, ọkọ̀ òfurufú kan tí ń fò lókè Abidjan ní Ivory Coast kọlu igún kan ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 37,000, èyí tí ó ju kìlómítà 11 lọ. A yẹ ìyẹ́ tí ó ṣẹ́kù wò, a sì rí i pé igún tí a ń pè ní igún Rüppell ni. Igúnnugún tiwa, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa lórí igi nítòsí ọjà àti ibi ìpẹran, ti dín kù gidigidi. Ní 2015 a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀dá tí ìparun súnmọ́ jù lọ ní ayé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ó dun ni.

Báwo wá ni awakọ̀ yóò ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí òun wà nínú rẹ̀ ń gòkè? Ẹni tí kò tíì ronú sí i lè wí pé, “Ara rẹ̀ yóò sọ fún un.” Ara kò lè sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí lórí ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn gba ìhà Ìwó dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì di ojú rẹ̀, yóò rántí pé òun mọ ìgbà tí ọkọ̀ gbéra àti ìgbà tí ó fa bíréèkì, nítorí ara a máa mọ ìyípadà eré. Nígbà tí eré bá dọ́gba, bí kì í bá ṣe ariwo irin, kò sí ohun tí yóò sọ fún un bóyá òun ń lọ tàbí òun dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lókè. Nígbà tí gíláídà bá kọ́kọ́ wọ inú afẹ́fẹ́ agòkè, ìjókòó yóò ti awakọ̀ sókè láti ìdí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ìtì náà yóò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń gòkè síbẹ̀. A mọ òwe àwòdì tí ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta nídìí. Awakọ̀ yìí náà mọ̀ pé a ta òun nídìí. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ìtani náà ṣì ń bẹ. Ojú pẹ̀lú kò ràn án lọ́wọ́ tó bí a ti lè rò, nítorí ẹni tí ó wà ní gíga mítà 1,000 kò lè fi ojú rí i pé ilẹ̀ fi mítà 1 súnmọ́ òun sí i.

Kí a wo ohun tí ó lè ti inú àìmọ̀ yìí wá. Gíláídà rere ti òde òní, nínú afẹ́fẹ́ tí ó pa rọ́rọ́, lè máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 0.65 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà ní mítà 1,000 sókè ilẹ̀, ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí ó tó kanlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni awakọ̀ ń wá, tí ọkọ̀ náà ń lọ síwájú ní mítà 40 fún mítà 1 tí ó bá sọ̀kalẹ̀, yóò lọ ní nǹkan bí kìlómítà 40, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Ìwó dé Ìbàdàn bí ẹyẹ ti ń fò. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ kan bá ti ń gòkè, òmíràn gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ láti gba àyè rẹ̀. Bí gíláídà bá wọ inú èyí tí ń sọ̀kalẹ̀ ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí awakọ̀ kò mọ̀ tí ó sì dúró níbẹ̀, ìṣẹ́jú 25 náà di ìṣẹ́jú 6 péré. Igbó ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí oko kòkó, tàbí òrùlé ènìyàn.

Àwọn tí ń fi bàlúùnù fò ti lo fáríómítà ṣáájú. Ní 1928, Alexander Lippisch, ará Jámánì, dá a ní àbá pé kí a gbé e sínú gíláídà. Robert Kronfeld, ará Austria, sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́. Títí di ìgbà náà, ẹ̀bá òkè tí ẹ̀fúùfù ń kọlù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wa gíláídà ń dúró sí, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ lójú kan bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ní 1929 Kronfeld fò ju kìlómítà 100 lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi gíláídà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1931 ó fi gíláídà rékọjá omi òkun tí ó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ní àlọ àti ní àbọ̀, ní ọjọ́ kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí inú ohun-èlò náà wò. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, èyí tí ó wà lókè sì ń tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ní etí òkun ìtẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí mílíbà 1,013. Ní gíga mítà 1,500 ó ti dín kù sí nǹkan bí 845. Nítòsí ilẹ̀, mítà 8 tí a bá gòkè ń dín in kù ní nǹkan bí mílíbà 1. Ohun-èlò mìíràn wà tí ń ti ara ìtẹ̀ yìí ka gíga fún awakọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí ẹni tí ń ka owó inú àpò: ó mọ iye tí ó wà níbẹ̀, kò mọ bí owó ti ń wọlé tàbí bí ó ti ń jáde ní ìṣẹ́jú yìí. Ìwọlé àti ìjáde ni fáríómítà ń kà.

A mú fúláàsìkì kan, irú èyí tí a fi ń tọ́jú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kékeré, tí ó gba mílílítà 450. A fi rọ́bà tín-ín-rín so ẹnu rẹ̀ mọ́ ihò kan lẹ́yìn fáríómítà. Ihò kejì ń gba afẹ́fẹ́ òde. Nínú fáríómítà, ìyẹ̀wù roboto kan wà, abẹ̀bẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì dábùú inú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ìyẹ̀wù náà ṣùgbọ́n kò kàn án. Nígbà tí a bá ń gòkè, ìtẹ̀ òde ń dín kù, afẹ́fẹ́ inú fúláàsìkì sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Kò sí ọ̀nà fún un àfi àlàfo etí abẹ̀bẹ̀ náà. Bí ó sì ti ń fún ara rẹ̀ kọjá ni ó ń ti abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ náà sì ń yí ọwọ́ tí ojú wa ń rí. Spíríńgì kékeré kan ń fa ọwọ́ náà padà sí òdo nígbà tí ìṣàn bá dáwọ́ dúró. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ òde ni yóò máa wọlé, ohun gbogbo a sì yí padà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ṣe irú kan tí ó rọrùn láti kà ju èyí lọ: ọ̀pá mímọ́ gaara méjì ni, èso kékeré aláwọ̀ ewé wà nínú ọ̀kan, pupa wà nínú èkejì. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, aláwọ̀ ewé a dìde. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, pupa a dìde. Ọmọdé pàápàá lè kà á.

Ẹ kíyè sí bí ohun tí a ń wọ̀n ti kéré tó. Bí gíláídà bá ń gòkè ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá, afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú fúláàsìkì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lọ ní títóbi. Ẹ̀kán omi kan ni ó yà awakọ̀ sọ́tọ̀ láàárín kí ó dúró lókè àti kí ó wá pápá tí yóò balẹ̀ sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní láti lọ sí Jámánì. Kí ó wá fúláàsìkì tí ó gba ìwọ̀n tí a ti sọ, kí ó dí ẹnu rẹ̀ pa pẹ̀lú ìdérí rọ́bà, kí ó sì fi ọ̀pá mímọ́ gaara tín-ín-rín kan gba inú ìdérí náà jáde, kí orí ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀pá bíírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, tí a sì ti fọ̀, lè ṣe é. Kí ó fi ẹ̀kán omi aláwọ̀ kan sínú ọ̀pá náà. Bí ó bá gbé e gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ní gíga mítà 3, tí ihò ọ̀pá náà sì jẹ́ mílímítà 2, ẹ̀kán omi náà yẹ kí ó rìn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 síta. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bowen níhìn-ín láti 2002. A rò pé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pàápàá lè fi èyí hàn fún àwọn ọmọ wọn ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra kí ó má fi àtẹ́lẹwọ́ di fúláàsìkì náà mú, nítorí ìdí tí a ó sọ tẹ̀ lé èyí.

Ìdí náà ni ìṣòro àkọ́kọ́ nínú fífi fáríómítà sínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Bí afẹ́fẹ́ inú fúláàsìkì bá fi ìwọ̀n ooru 1 péré gbóná sí i, èyí tí yóò tú jáde tó mílílítà kan àti ààbọ̀, ìyẹn tó ohun tí ìgòkè mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò tú jáde fún odindi ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Oòrùn tí ó gba inú gíláàsì òkè orí awakọ̀ wọlé lè ṣe èyí láìsí pé ọkọ̀ gòkè rárá. Nítorí náà ni a fi ń lo fúláàsìkì, tí a ń fi irun bàbà díẹ̀ sínú rẹ̀ láti gba ooru mọ́ra, tí a sì ń gbé e sí ẹ̀yìn ìjókòó níbi tí oòrùn kò dé.

Kí rọ́bà kúrú bí ó bá ti lè kúrú tó. Kí ó má ṣẹ́po níbikíbi. Kí ó má sì wà níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ tàbí okùn ìdarí yóò ti máa fi ara kàn án. A gbọ́dọ̀ mọ ihò tí ó jẹ́ ti fúláàsìkì yàtọ̀ sí ti òde, nítorí bí a bá pààrọ̀ wọn, ọkọ̀ yóò máa ṣubú, ọwọ́ fáríómítà yóò sì máa yọ̀. Bí ibi kan bá ń jò láàárín fúláàsìkì àti fáríómítà, apá kan afẹ́fẹ́ yóò gba ibẹ̀ sá lọ láìti abẹ̀bẹ̀, gbogbo ohun tí ọwọ́ bá sì sọ yóò dín sí òtítọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ibi tí ń jò kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Agbára èémí pọ̀ jù, ó sì lómi nínú. Sírínjì àwọn dókítà ni a ń lò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń fi oògùn sí ojú ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ọwọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sì ti ń wá. Ká ní gíláídà ń sáré kìlómítà 144 ní wákàtí, tí awakọ̀ sì fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn títí eré fi dín sí 90. Ọkọ̀ yóò gòkè ní nǹkan bí mítà 50. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ó gbé e. Eré tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó fi ra gíga, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó fi kẹ̀kẹ́ sáré dé ẹsẹ̀ òkè tí kẹ̀kẹ́ sì gbé e dé àárín òkè láìtẹ pẹ́dà. Fáríómítà tí a so lásán yóò kéde èrè, awakọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yí po níbi tí kò sí ohunkóhun, tí gíga rẹ̀ yóò sì máa tán lọ. Ní 1939 Arthur Kantrowitz, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ti lè mú ẹ̀tàn yìí kúrò. Dípò kí ihò kejì fáríómítà máa gba afẹ́fẹ́ òde bí ó ti rí, a so ó mọ́ ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ó yọ síta sínú ẹ̀fúùfù, ihò rẹ̀ sì kọjú sí ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó ni afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ń fa èyí tí ó wà nínú ọ̀pá jáde tó. Nígbà tí awakọ̀ bá fi eré ra gíga, ìtẹ̀ òde dín kù nítorí gíga, ṣùgbọ́n ìfà ọ̀pá náà dín kù ní ìwọ̀n kan náà nítorí eré tí ó lọ. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́, ọwọ́ kò sì mira. Ohun tí ọwọ́ ń sọ nísinsìnyí ni ohun tí afẹ́fẹ́ fi fún wa tàbí tí ó gbà lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ohun tí a kó láti inú àpò kan sínú èkejì. Ní 1976 Oran Nicks, tí ó ṣiṣẹ́ ní NASA, fi hàn pé ọ̀pá tí ó ní ihò kan ṣoṣo tó fún iṣẹ́ yìí. Níwájú ìrù òòró ni ọ̀pọ̀ ń fi í sí, níbi tí ìyẹ́ ọkọ̀ kò ti da afẹ́fẹ́ rú.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀pá tí ó lu nínú ilẹ̀ wa yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rù agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́ ilé. Kò sí ẹni tí kò tíì rí i tí ó dí ihò kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù February 1996, ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ Birgenair jábọ́ sínú òkun lẹ́bàá Puerto Plata ní Dominican Republic, ènìyàn 189 sì kú. Ọ̀pá tí ń wọn eré ni ó ti dí. Èrò àwọn tí ó wádìí rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú agbọ́n yìí ni ó kọ́lé sínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà wà lórí ìdúró láìbo ọ̀pá. Nítorí náà a ní láti bo ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ní oṣù October ọdún kan náà, àwọn tí ó fọ ọkọ̀ Aeroperú kan ní Lima lẹ ìlẹ̀mọ́ mọ́ àwọn ihò tí ń gba ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, wọ́n sì gbàgbé láti ṣí i. Lóru, lórí òkun, ohun-èlò gíga, ti eré àti ti ìgòkè ń parọ́ fún àwọn awakọ̀ náà. Ènìyàn 70 ni ó kú. Ìdí nìyí tí aṣọ ìbo ọ̀pá fi máa ń jẹ́ pupa, tí ó sì ní ìjá gígùn tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kí ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ lè rí i kí ó tó gbéra.

Ní ti lílò rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ni pé fáríómítà a máa pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Irú tí ó ní abẹ̀bẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú-àáyá bí 3 pẹ́. Gíláídà tí ń lọ ní 90 kìlómítà ní wákàtí ti fi mítà 75 kọjá ibi tí ọwọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì ń yí po, tí ó dẹ̀gbẹ́ sí ààbọ̀ ọ̀nà láàárín ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró ṣánṣán, ìyípo kan ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 16, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ ti tó ìdá kan nínú márùn-ún ìyípo sẹ́yìn. Awakọ̀ tí ó bá gba ọwọ́ náà gbọ́ bí ẹni pé ìsinsìnyí ni ó ń sọ yóò máa sá kúrò níbi tí ó dára. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò yóò so ìtì ìdí, tí ó yára ṣùgbọ́n tí kì í pẹ́, pọ̀ mọ́ ọwọ́ fáríómítà, tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé. Nígbà tí ìtì bá dé tí ọwọ́ sì tẹ̀ lé e, yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí ìhà kan ìyípo bá dára tí ìhà kejì kò sì dára, yóò tún ìdẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí àárín ìyípo lè sún sí ìhà tí ó dára, yóò sì tún dán an wò. Ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè lọ kí ó tó jókòó sí àárín òpó afẹ́fẹ́ náà. Sùúrù ni ó gbà, a sì rò pé àwọn àgbẹ̀ wa tí ń wá ojú omi yóò lóye rẹ̀ ju àwọn ọ̀mọ̀wé lọ.

Ojú kò gbọdọ̀ wà lára ọwọ́ náà jù, nítorí gíláídà mìíràn lè wà nínú òpó afẹ́fẹ́ kan náà. Fún èyí ni a ṣe àwọn irú tí ń dún: ohùn wọn a máa ga sí i bí ìgòkè bá ti ń lágbára sí i, etí sì ń gbọ́ nígbà tí ojú ń ṣọ́ òde. Àbùkù kan wà tí kò sí irú tí ó bọ́ nínú rẹ̀. Ibi tí a wà nìkan ni fáríómítà mọ̀. Kò mọ ohun tí ó wà níwájú. Ìkùukùu funfun bí òwú ni awakọ̀ fi ń mọ ìyẹn, tàbí ẹyẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Colin Pennycuick, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, fi gíláídà tí ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré tẹ̀ lé àwọn igún lórí pápá Serengeti ní Tanzania, ó ń fò pẹ̀lú wọn láti òpó afẹ́fẹ́ kan dé èkejì kí ó lè mọ ọgbọ́n wọn. Awakọ̀ tí ó bá rí igún tí ń yí po níwájú yóò yà lọ síbẹ̀ láìdúró de ọwọ́ fáríómítà, a sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kan wà tí a ń fi í sílẹ̀ pátápátá. Ní nǹkan bí mítà 300 sókè ilẹ̀, awakọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ agòkè gbọ́dọ̀ ti yan pápá tí yóò balẹ̀ sí, kí ó ti wo ìhà tí ẹ̀fúùfù ti ń wá, kí ó sì ti mọ ibi tí igi àti wáyà iná wà. Láti ìgbà náà lọ, ohun-èlò eré àti pápá náà ni yóò máa wò. Bí ọwọ́ fáríómítà bá tilẹ̀ gbéra sókè lójijì ní mítà 100, kí ó má ṣe yí po mọ́. Kí ó balẹ̀.